Bí a ṣe ń gbé iṣẹ́ ìtọ́jú èémí lọ sí ọjà ní ilẹ̀ Okun

Ẹ bi ẹni mẹ́wàá ní ọjà Kàbà, ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, bóyá wọ́n mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbogbo wọn á ní àwọn mọ̀ ọ́n. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ló ń kọ́ alásímà bí a ṣe ń fa ínhélà, oògùn tí a ń tẹ̀ sẹ́nu tí a sì ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ta ló ń ṣọ́ ọ́síjìn ní wọ́ọ̀dù láàárín òru, ta ló ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde lọ́fun ẹni tí kò lágbára àtiwúkọ́. Wọ́n á ní dókítà ni. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan wà, báwo ni yóò ṣe béèrè fún un?

Àwọn tí a kọ èyí fún ni àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wálé fún ìsinmi, àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yòówù láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀ tó bá fẹ́ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti fi iṣẹ́ ìtọ́jú èémí han ará ìlú. Ìmọ̀ràn wa àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ dín ọ̀rọ̀ sísọ kù. Aṣọ gbàgàdà tí wọ́n kọ nǹkan sí lára kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìyá tí ẹ bá kọ́ bí yóò ṣe ka mímí ọmọ rẹ̀ ni yóò rántí yín, òun náà ni yóò sì sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé iṣẹ́ báyìí wà.

Iṣẹ́ wo gan-an ni?

Àwọn tí òyìnbó ń pè ní respiratory therapist ni à ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1940 sí 1950, àwọn tó ń yí sìlíńdà ọ́síjìn kiri wọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ènìyàn ń kọ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Chicago ní 1947, ẹgbẹ́ yẹn ló sì di American Association for Respiratory Care tó wà títí dòní. Lónìí, níbi tí iṣẹ́ náà bá ti fìdí múlẹ̀, bíi Amẹ́ríkà, Kánádà àti Philippines, àwọn ló ń ṣètò ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí, àwọn ló ń díwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, àwọn ló ń dúró ti ọmọ tí wọ́n bí láìtó oṣù, àwọn ló sì ń kọ́ alásímà àti ẹni tí èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ bí wọn yóò ṣe máa gbé ayé wọn.

Ní Nàìjíríà, a ti pín iṣẹ́ yìí mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ń gbé ọ́síjìn sí aláìsàn, físíò (physiotherapist) ń gbọ́n kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde láyà, dókítà tó ń kun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ ló mọ ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn mí, onímọ̀ ẹ̀rọ ń tún kọ́ńsẹ́ńtírétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fa ọ́síjìn jáde láti inú afẹ́fẹ́, ṣe. Kò burú, bí olúkúlùkù bá mọ ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ parí sí. Èyí tó burú ni kí sìlíńdà tán ní aago méjì òru kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ọ́síjìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ohun méjì ni ẹ fẹ́ kí ará ìlú mú lọ sílé: pé ìtọ́jú èémí jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń kọ́, àti pé ó tọ́ kí wọ́n béèrè ní ilé ìwòsàn wọn pé ta ló ń ṣe é.

Ẹ fi èdè ibẹ̀ sọ ọ́. Ní Kàbà, kí ọmọ Òwé mú máìkì. Ní Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀, kí ó jẹ́ ọmọ Yàgbà. Ẹni tó bá gbé Yorùbá orí rédíò Ìbàdàn wọ ọjà wa, wọ́n á gbọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á máa gbọ́ ọ bí ìròyìn ni. Ẹ má sì gbàgbé pé Ẹ̀bìrà, Hausa àti Fúlàní ń ná ọjà náà pẹ̀lú wa. Ẹ wá ẹni kan tó gbọ́ èdè wọn.

Ọjọ́ wo, ọ̀dọ̀ ta ni?

Ọ̀sẹ̀ tó kún gbẹ̀yìn nínú oṣù Ọ̀wàrà, ìyẹn October, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀sẹ̀ ìtọ́jú èémí ní Amẹ́ríkà, láti 1982. Ọjọ́ ásímà lágbàáyé máa ń bọ́ sí Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún. Ọjọ́ òtútù àyà jẹ́ 12 oṣù kọkànlá, a sì máa ń ṣe ọjọ́ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó ń dí ọ̀nà èémí ní Ọjọ́rú kẹta oṣù kan náà. Tiwa ni pé kí ẹ mú oṣù kọkànlá. Òjò ti ń káwọ́ kúrò nílẹ̀ nígbà yẹn, ọyẹ́ kò sì tíì dé, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ gan-an ló ń ti ọ̀pọ̀ alásímà dé ilé ìwòsàn. Ohun tí ẹ bá kọ́ wọn nínú oṣù karùn-ún, kí eruku ọyẹ́ tó dé wọ́n á ti gbàgbé rẹ̀.

Ẹ mú ọjọ́ ọjà. Ẹ lọ kí ọba ìlú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì gba ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀ lọ pẹ̀lú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ rí ìyálọ́jà. Ìyálọ́jà ló ń fún ènìyàn ní àyè, òun ló sì lè ní kí àwọn tó ń dín gaàrí sún iná wọn síwájú díẹ̀ kí èéfín má bàa gba orí tábìlì yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Àwọn ọlọ́kadà ní gáréèjì náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, torí àwọn ló ń fa eruku ọ̀nà símú láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ohun tí ẹ ó kó dání

Ènìyàn márùn-ún tó: nọ́ọ̀sì méjì, òṣìṣẹ́ alábọ́ọ́dé kan tí ará ìlú mọ̀ dáadáa, físíò bí ẹ bá rí i, àti ẹni tí yóò máa kọ orúkọ. Tábìlì méjì, bẹ́ǹṣì mẹ́ta, kánọ́pì kan. Ọksímítà méjì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń há ìka mú láti díwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú bátìrì tí ẹ kò tíì ṣí. Ínhélà tí kò ní oògùn nínú, tí wọ́n fi ń kọ́ni. Ìgò omi oníke ìdajì lítà mẹ́wàá, wáyà, àbẹ́là, tẹ́ẹ̀pù. Aago tó ní abẹ́rẹ́ ìṣẹ́jú àáyá, tàbí fóònù. Sípírítì àti òwú láti nu ọksímítà láàárín ènìyàn kan sí èkejì. Ìbomú fún ẹni tó bá ń wúkọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ kan, àti ìwé pélébé tí ẹ ó fi rán ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ẹ bá ní peak flow meter, ẹ̀rọ tí a ń fẹ́ èémí sí pẹ̀lú gbogbo agbára, ẹ mú un wá, ṣùgbọ́n olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní ẹnu páálí tirẹ̀. Bí ẹnu páálí bá tán, ẹ pa á tì. Ẹ má fi omi ṣan ẹyọ kan kí ẹ máa fún gbogbo ọjà fi sẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ènìyàn ń fẹ́ ẹ lórí ìdúró, èyí tó ga jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń kọ sílẹ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ní àìsàn torí iye kan ṣoṣo. Gíga, ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ló ń pinnu ohun tí a retí. Alásímà tó ti mọ iye tirẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ yá ni ẹ̀rọ yìí wúlò fún jù. Bí ó bá fẹ́ ju ìpín 80 nínú 100 iye yẹn lọ, ó dára. Bí ó bá wà láàárín 50 sí 80, ìtọ́jú rẹ̀ fẹ́ àtúnṣe. Bí kò bá tó 50, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹni tó bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó fẹ́ nǹkan kan. Ẹ fún un ní ìbomú, ẹ jẹ́ kó jókòó níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa, kí ẹ sì kọ ìwé fún un lọ fún àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ TB kò gba owó ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ sọ ìyẹn sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́, torí ọ̀pọ̀ ló ń sá nítorí owó tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà lọ́wọ́ wọn.

Kíka mímí ọmọdé

Tábìlì yìí ni kó wà níwájú, kò ná owó kankan. Ẹ ní kí ìyá gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, kí ó ká aṣọ rẹ̀ sókè títí ẹ ó fi rí àyà àti ikùn. Ọmọ kò gbọdọ̀ máa sunkún, kò sì gbọdọ̀ máa mu ọmú lọ́wọ́. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí àyà bá gbé sókè, ẹ ka ọ̀kan, fún odindi ìṣẹ́jú kan. Àwọn kan máa ń ka ìdajì ìṣẹ́jú kí wọ́n fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀. Ìyẹn kò dára fún ọmọ ọwọ́, torí mímí rẹ̀ kì í lọ déédéé: ó lè yára fún ìwọ̀nba ìgbà, kó dẹ̀, kó tún yára.

Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń pè ní mímí tó yára jù. Láti oṣù méjì sí oṣù mọ́kànlá, 50. Láti ọdún kan títí kó tó pé ọdún márùn-ún, 40. Ọmọ tó ń wúkọ́ tí mímí rẹ̀ sì ti dé iye wọ̀nyí, òtútù àyà lè ti mú un, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó bá ń fa èémí, tí kò lè mu ọmú tàbí omi, tí ó ń sùn láìjí, tàbí tí ahọ́n àti èrìgì rẹ̀ ti di aláwọ̀ aró, kí wọ́n má dúró de òwò tán. Ara dúdú wa kì í fi àwọ̀ yẹn hàn kíákíá, ìdí nìyẹn tí a fi ní ahọ́n àti èrìgì, kì í ṣe ètè tàbí èékánná nìkan.

Ẹ jẹ́ kí ìyá náà ka tirẹ̀ lójú yín. Bí iye rẹ̀ àti tiyín bá fi ju mẹ́ta lọ, ẹ jọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó sábà máa ń ṣi ìkà lọ́nà ni pé ìyá ń ka ìgbà tí àyà gbé sókè àti ìgbà tó wálẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí iye á wá di méjì.

Ibí náà ni ẹ ó ti sọ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe. Kí wọ́n má kán epo pupa, àdín tàbí òrí sí ọmọ nímú. Òróró tó bá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró kì í tètè jáde, òun fúnra rẹ̀ á di òtútù àyà. Kí wọ́n má ki ọmọ tó ń mí gúlegúle ní àgbo. Ẹni tí èémí ń há kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ẹ má bú ẹni tó bá ti ṣe é rí. Ẹ jẹ́ kí ó mọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọjá lọ.

Ọksímítà: ohun tó lè sọ àtohun tí kò lè sọ

Èrò máa ń pọ̀ jù nídìí tábìlì yìí, torí ẹ̀rọ ń tàn pupa. Àwọn kan á gbà pé ó ń wo àìsàn sàn. Kí nọ́ọ̀sì kan dúró tì í ní gbogbo ìgbà.

Ọ́síjìn ẹni tí ara rẹ̀ le sábà máa ń wà láàárín ìpín 95 sí 100 nínú 100. Láti 90 sí 94, kí ó lọ rí dókítà láìpẹ́. Bí kò bá tó 90, ó nílò ọ́síjìn, ilé ìwòsàn ló kàn nísinsìnyí. Ọmọ Yorùbá, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú 91 àti 92: ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ yìí máa ń fi ọ́síjìn aláwọ̀ dúdú hàn bí ẹni pé ó pọ̀ ju bó ṣe wà lọ nígbà mìíràn. Bí iye bá dà bíi pé ó dára ṣùgbọ́n tí ẹni náà kò lè sọ gbólóhùn kan tán láìsinmi, ẹ gba ènìyàn náà gbọ́, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀.

Ìka tó tutù nínú ọyẹ́ máa ń mú kí ẹ̀rọ ṣìnà. Ẹ ní kí ó fi ọwọ́ ra ọwọ́ títí yóò fi gbóná. Làálì dúdú àti ọ̀dà èékánná náà ń dí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́nà. Ẹ yí ẹ̀rọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìka, tàbí kí ẹ lo ìka tí wọn kò kùn. Ẹ dúró kí iye náà dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó kà á.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń tan ọksímítà jẹ. Ẹni tó sùn sínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀, tó jí pẹ̀lú orífífọ́ àti èébì, ẹ̀rọ lè fi 98 hàn fún un nígbà tí gáàsì olóró ti gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e jáde síta, kí wọ́n sì gbé e lọ síbi tí ọ́síjìn wà. Jẹnẹrétọ̀ kò yẹ kó sún mọ́ fèrèsé tó mítà mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í sì í ṣe ìta.

Ínhélà

Bí ẹ bá ní àkókò fún nǹkan kan ṣoṣo, èyí ni kí ẹ fi ṣe. Ọ̀pọ̀ alásímà ló ń ra ínhélà tí wọn kò mọ̀ ọ́n fà, owó wọn sì ń lọ sórí ahọ́n àti ọ̀fun wọn. Ẹ má ṣàlàyé ṣáájú. Ẹ fún un ní èyí tí kò ní oògùn, ẹ ní, "Ìyá wa, ẹ fi han wá bí ẹ ṣe ń lò ó." Ẹ dákẹ́ kí ẹ wò.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Kí ó ṣí ìdérí, kí ó wo inú ẹnu rẹ̀. Owó wẹ́wẹ́ àti èèpá máa ń wọ inú ínhélà tó bá wà nínú àpò láìní ìdérí. Kí ó gbọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ tuntun, tàbí tí ó ti pẹ́ lọ́jọ́ púpọ̀ tí kò lò ó, kí ó tẹ̀ ẹ́ dànù lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó mí jáde títí èémí á fi tán. Kí ó fi ètè di ẹnu ínhélà mú. Kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sínú pẹ̀lẹ́, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó máa fà lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún, kí ó sé èémí dé ìwọ̀n mẹ́wàá, kí ó tó mí jáde. Kí ó dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan kí ó tó tún gbọ̀n ọ́n fún ẹ̀ẹ̀kejì.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù. Àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fà, gbogbo oògùn á sì dúró lórí ahọ́n. Àwọn kan ń fà á gbùn-ún bí ẹni ń fín áàṣà. Àwọn mìíràn ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú èémí kan ṣoṣo.

Ẹni tí ọwọ́ àti èémí rẹ̀ kò lè bá ara wọn rìn, pàápàá ọmọdé àti àgbàlagbà, ìgò oníke ni yóò gbà á. Ìgò ìdajì lítà tí a ti fọ̀ dáadáa. Ẹ tẹ wáyà gẹ́gẹ́ bí ẹnu ínhélà, ẹ fi iná àbẹ́là mú un gbóná, ẹ fi lu ìdí ìgò kí ihò náà lè fún ínhélà mú ṣinṣin. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù dí etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má yọ. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ìgò náà, ẹ má fi omi mímọ́ ṣàn án mọ́, ẹ má nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí a bá fi aṣọ nù ún, oníke á máa fa oògùn mọ́ra. Láti lò ó, ẹ gbọ̀n ínhélà, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ ihò ìgò náà, kí ẹni náà gba ẹnu ìgò sẹ́nu, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó mí wọlé mí jáde nínú ìgò lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kejì. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé alásímà ní Cape Town, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde ní 1999, fi hàn pé ìgò tí a dí etí rẹ̀ báyìí ṣiṣẹ́ bíi spacer, ìyẹn ìgò tí wọ́n dìídì ṣe fún ínhélà, tí a rà. Ife oníke tí àwọn kan ń lò kò ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọmọ tí ọ̀nà èémí rẹ̀ ti há gan-an, ẹ má fi kọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ásímà bá dìde tí ilé ìwòsàn sì jìnnà, kí aláìsàn jókòó ṣánṣán, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀. Ẹ fún un ní ínhélà aláwọ̀ búlúù nínú ìgò, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lú ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan láàárín, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bí kò bá fúyẹ́, kí ọkọ̀ ti wà ní ọ̀nà, kí ẹ sì máa fún un lọ lójú ọ̀nà.

Wọ́n á bi yín pé ṣé kì í di bárakú. Kì í di bárakú. Àmọ́ ínhélà búlúù, tí í ṣe salbutamol, ń ṣí ọ̀nà èémí fún wákàtí díẹ̀ péré. Kò kan wíwú tó wà nínú ọ̀nà náà. Ẹni tó ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ásímà rẹ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 2019 ni Global Initiative for Asthma, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ásímà, ti sọ pé kí wọ́n má tún máa fi irú oògùn búlúù yìí nìkan tọ́jú àgbàlagbà alásímà mọ́. Oògùn tó ń mú wíwú rọ̀ gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ìyẹn ni dókítà yóò kọ. Bí ó bá lo oògùn wíwú yẹn, kí ó yọ omi lẹ́nu kí ó tu ú dànù, kí funfun má bàa hù sí i lẹ́nu.

Ínhélà púpọ̀ ní ẹ̀ẹ̀ 200 nínú. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ 25 ló máa tó o. Kí ó kọ ọjọ́ tó ṣí i sára rẹ̀. Àwọn kan ń sọ ọ́ sínú omi láti wò bóyá ó ṣì kún. Omi á wọ ẹnu rẹ̀, ohun tí wọ́n sì rí kò jóòótọ́. Gbígbọ̀n náà ń tanni, torí gáàsì tó ń tì í jáde máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí oògùn ti tán. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn.

Fún àwọn tí kò ní ásímà, tí wọ́n ń pe aláìsàn ní ọ̀lẹ, ẹ fún wọn ní rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń mu mínírà. Kí wọ́n di imú, kí wọ́n máa fi rọ́bà náà mí fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ má fún aboyún, ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí alásímà fúnra rẹ̀.

Ọ́síjìn àti ìbẹ̀rù rẹ̀

Wọ́n á sọ fún yín pé, "Bí wọ́n bá ti gbé ọ́síjìn sí ènìyàn nímú, ó ti parí." Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ: wọ́n rí àwọn tí wọ́n gbé dé nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́, tí ọ́síjìn sì jẹ́ ohun ìkẹyìn tí ojú wọn kàn. Ẹ fi rọ́bà oníhò méjì tó ń wọ imú hàn wọ́n, kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ pé ọmọ tó ní òtútù àyà tí wọ́n tètè gbé dé, tó lo ọ́síjìn lítà kan tàbí méjì níṣẹ̀ẹ́jú fún ọjọ́ mélòó kan, sábà máa ń padà sílé lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ni ìyókù yìí kàn, àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó fẹ́ ra ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn. Sìlíńdà ńlá tó ń gba lítà 6,800 máa ń fi nǹkan bí 137 bar (ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń tì) hàn lójú aago rẹ̀ bí ó bá kún. Bí aago bá ti bọ́ sí 68, lítà 3,400 ló kù. Aláìsàn tó ń lo lítà 5 níṣẹ̀ẹ́jú yóò fi í mí fún ìṣẹ́jú 680, ìyẹn wákàtí mọ́kànlá àti ogún ìṣẹ́jú. Ní lítà 2, ó kọjá wákàtí 28. Sìlíńdà kékeré inú ánbúláǹsì tó ń gba 680 yóò tó wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 16 ní lítà 5, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 68 péré ní lítà 10, bẹ́ẹ̀ kò sí ọkọ̀ tó lè gbé aláìsàn láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Lọ́kọ́ja láàárín ìyẹn. Ẹ ṣe ìṣirò náà kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ sì gbé èkejì dání.

Bí ẹ bá fẹ́ ra kọ́ńsẹ́ńtírétọ̀, ẹ ra stabilizer pẹ̀lú rẹ̀, torí iná tó ń ga tó ń rẹlẹ̀ ló ń pa á. Èyí tó ń fún ni ní lítà 5 ń jẹ iná tó nǹkan bí wọ́ọ̀tì 350, ẹ fi ìyẹn lé jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà. Kí ẹnì kan máa fọ fóòmù tó ń sẹ́ eruku lẹ́yìn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà ọyẹ́, kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Fóòmù tó dí kì í dá ẹ̀rọ dúró, ó kàn ń mú kí ọ́síjìn rẹ̀ dín kù láìsí ẹni tó mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n ọ́síjìn.

Epo, gírísì àti òrí kò gbọdọ̀ kan ẹnu sìlíńdà tàbí rẹgulétọ̀, wọ́n lè gbiná. Ìyá ọlọ́yàyà tó fẹ́ fi òrí pa imú ọmọ rẹ̀ tó gbẹ nínú ọyẹ́ nígbà tí ọ́síjìn wà nímú rẹ̀, ẹ sọ fún un pé kí ó fi òwú tí wọ́n rì bọ omi rọ ọ́. Iná, sìgá àti àbẹ́là kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà.

Èéfín ìdáná

Ẹ má pẹ́ lórí èyí, torí ẹni tó ń dín gaàrí kò ní fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìwàásù yín. Kí ọmọ má wà lẹ́yìn rẹ̀ nídìí ààrò. Kí igi gbẹ dáadáa. Kí ó jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ iná. Kí ilé ìdáná ní ojú èéfín lókè. Ẹni tó ń yan kajú, kí ó yàn án sí ojútáyé, kí ó má yọjú sórí rẹ̀, torí èéfín epo inú èèpo rẹ̀ ń jó ojú àti ọ̀fun.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà

Àwọn ọ̀dọ́ á béèrè bí wọ́n ṣe lè kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ sọ pé ọ̀nà tó súnmọ́ wọn jù ní Nàìjíríà ni kí wọ́n gba ẹnu nọ́ọ̀sì tàbí físíò wọ̀ ọ́, kí wọ́n yàn ìtọ́jú èémí láàyò lẹ́yìn náà. Fún físíò, wọ́n nílò bàọ́lọ́jì, físíìsì, kẹ́mísìrì àti Gẹ̀ẹ́sì nínú JAMB. Ilé ìwé nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, kò jìnnà síni.

Kí ẹni tó kọ orúkọ pe gbogbo àwọn tí ẹ kọ ìwé fún ní ọjọ́ kejì, kí ó sì tún pè wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí kò lọ, ẹ bi í pé kí ló dí i lọ́wọ́: owó ọkọ̀ ni, àbí ọkọ rẹ̀ kò gbà? Ẹ kọ èsì náà sílẹ̀ níwájú orúkọ rẹ̀. Ẹ gbé ìwé yẹn lọ fún ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀ àti olórí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìlú, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n lẹ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí ọ́síjìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru mọ́ ara ògiri wọ́ọ̀dù, níbi tí ẹbí aláìsàn ti lè kà á. Bí ọjọ́ ọjà kejì bá dé, kí nọ́ọ̀sì kan padà wá pẹ̀lú ínhélà tí kò ní oògùn, kí ó ní kí àwọn alásímà tó kọ́ tún fi han òun.